Ìmúra Ọmọ Ilé Ọlá: Bí A Ṣe Ń Wọṣọ Tó Níyì Láìpariwo ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ó ti tó ọdún díẹ̀ báyìí tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo Instagram àti TikTok ti ń gbé irú ìmúra kan lárugẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní "old money", ìyẹn ìmúra àwọn tí owó ti wà ní ìdílé wọn kí a tó bí wọn. Ẹni tó bá múra bẹ́ẹ̀ kì í wọ aṣọ tí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gba gbogbo àyà rẹ̀, kì í kó ẹ̀wọ̀n wúrà sọ́rùn, kì í sì í wọ àwọ̀ tí ojú ń rí láti ìparí àdúgbò. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ṣòkòtò kakí, súwẹ́tà aláwọ̀ aró, bàtà awọ tó ti pẹ́ tó sì ń dán, ó parí. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí ni láti fi hàn bí ẹni tó ń gbé Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo ṣe lè múra lọ́nà yìí, tí kò fi ní dà bí ẹni tó wá ṣeré orí ìtàgé sí òpópónà Ahmadu Bello.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nídìí ìmúra náà, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò kàn ra aṣọ aláwọ̀ eérú kún ilé ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ìdílé tó ti lówó fún ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò ní ẹni tí wọ́n tún fẹ́ fi owó hàn. Gbogbo ẹni tó yẹ kó mọ̀ ti mọ̀. Nítorí náà, owó wọn kì í sí lójú aṣọ, inú aṣọ ló máa ń wà: nínú òwú tí wọ́n fi hun ún, nínú bí ó ṣe bá ara mu, àti nínú iye ọdún tí wọ́n ti fi tọ́jú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Brooks Brothers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1818, ṣì ń ta ṣẹ́ẹ̀tì tí bọ́tìnnì kékeré de kọ́là rẹ̀ mọ́lẹ̀, irú èyí tí wọ́n ti ń tà láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọba Charles Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sí aṣọ tí kò lè rà, ni àwọn ayàwòrán ti rí léraléra nínú kóòtù àti bàtà tí wọ́n lẹ̀. Kóòtù tí wọ́n rán fún un ní 1984 ni ó sì wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó Harry ọmọ rẹ̀ ní 2018. Àwọn àgbà wa ti sọ tiwọn ṣáájú pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìdí àkísà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kí a lọ ra odindi àpótí aṣọ láti òkè òkun kí a lè jọ ọmọ olówó àtijọ́. Ẹni tó fi owó oṣù mẹ́ta ra súwẹ́tà tí kò ní àmì kankan kò yàtọ̀ sí ẹni tó ra èyí tí àmì kún ara rẹ̀; àwọn méjèèjì ń náwó kí a lè rò pé wọ́n lówó ni. Ìlú tí òkìkí aṣọ òfì rẹ̀ ti kàn láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Ìlọrin, nítorí náà inú ilé ni ó ti yẹ kí á bẹ̀rẹ̀.

Àpótí ilé ṣáájú ọjà

Nínú ọ̀pọ̀ agboolé ní Gàmbàrí, ní Àjíkòbí tàbí ní Àlànàmú, àpótí onírin kan wà tí kì í ṣí bí kò ṣe ọjọ́ Ìléyá, ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí ọjọ́ tí ẹnìkan bá kú. Inú rẹ̀ ni ẹ ó ti bá agbádá òfì baba àgbà, ìró àti ìborùn ìyá àgbà, àti fìlà bíi méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má dédé wọlé lọ tú u. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Màmá tàbí Bàbá. Bí ẹni tó ni aṣọ bá ti dolóògbé, ẹ rántí pé aṣọ rẹ̀ wà lára ogún, gbogbo ẹni tí Ṣẹ̀ríà fún ní ìpín ló sì ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀. Ẹ gba ìyọ̀ǹda àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kí abẹ́rẹ́ tó kan án. Agbádá kan ṣoṣo lè dá ìjà ọdún púpọ̀ sílẹ̀ nínú agboolé, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó kéré jù ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde.

Bí ọwọ́ yín bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ mọ irú òfì tí ó jẹ́. Ẹtù ni èyí tó dúdú bí aró, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ funfun tàbí aláwọ̀ ojú ọ̀run ń gba inú rẹ̀ kọjá. Òwú tí wọ́n rẹ sínú aró èlú léraléra ni wọ́n fi ń hun ún. Sányán ni èyí tó ní àwọ̀ ìyẹ̀pẹ̀. Ojúlówó rẹ̀ wá láti ara ilé tí kòkòrò inú igbó kan ń kọ́ sára igi, okùn ilé náà ni wọ́n ń ran bí òwú, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ àbínibí tí a kò pa láró. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lóde òní kò ní kòkòrò kankan nínú, òwú lásán tí wọ́n pa láró ni. Àlàárì ló pupa; láyé àtijọ́, sílíìkì rẹ̀ máa ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé ilẹ̀ Hausa kí ó tó dọ́wọ́ ahunṣọ wa.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹtù ni mo fi ṣíwájú fún ẹni tó fẹ́ ìmúra tí kò pariwo, nítorí pé láti òkèèrè aṣọ dúdú lásán ni ènìyàn yóò pè é, ìgbà tí ó bá sún mọ́ ọn ni yóò tó rí iṣẹ́ inú rẹ̀. Ọkùnrin Mùsùlùmí tó ń ṣọ́ra fún sílíìkì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe kọ̀ ọ́ fún ọkùnrin, yóò tún fi ọkàn balẹ̀ wọ ẹtù, nítorí òwú ni. Àlàárì dára lójú, ṣùgbọ́n ẹ fi í mọ sí ìborùn tàbí gèlè, kí ẹ má fi í bo ara láti òkè dé ilẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí ni pé agbádá àtijọ́ tó tóbi jù kì í ṣe aṣọ tó ti bàjẹ́. Abala tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó bí íǹṣì 4, ni àwọn ahunṣọ ìgbà náà ń hun kí wọ́n tó rán wọn pọ̀ di odindi aṣọ, etí abala kọ̀ọ̀kan sì ti parí láti orí òfì, kì í tú. Èyí túmọ̀ sí pé a lè tú ojú-rírán náà, kí a yọ abala kan tàbí méjì kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a sì rán ìyókù padà láìjẹ́ pé àlùmọ́gàjí gé òwú kankan. Ẹ sọ fún aránṣọ pé ẹ̀gbẹ́ níhà apá ni kí ó ti dín in, kí ó má ṣe fọwọ́ kan àyà àti ọrùn níbi tí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà. Kí ó fi ọwọ́ tú u, kí ó má fi abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáré ya á. Fìlà kan yóò jáde lára abala tó ṣẹ́kù. Ẹ dì ìyókù pọ̀ kí ẹ dá a padà sínú àpótí, nítorí pé ọmọ yín lè sanra jù yín lọ.

Ṣáájú gbogbo èyí, ẹ gbé aṣọ náà sójú ìmọ́lẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń wọlé, pàápàá lójú ibi tí wọ́n ti ń ká a láti ọdún yìí wá, òwú ibẹ̀ ti rẹ̀. Ẹ fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu tì í lẹ́yìn, kí wọ́n rán an mọ́ ọn pẹ̀lú ọwọ́. Lílẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ dáadáa kò dójú ti ẹnikẹ́ni. Bí aṣọ bá ti gbó kọjá agbádá, ẹ sọ ọ́ di ìborùn tàbí ìpèlé. Bí ó bá ti kọjá ìyẹn náà, ẹ fi ṣe inú kọ́là bùbá tuntun. Ẹ̀yin ará Ìgbómìnà tí ẹ bá rí kíjìpá nínú àpótí, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń hun lórí òfì tó dúró lóòró, ẹ ti rí aṣọ tó nípọn tó láti fi rán jákẹ́ẹ̀tì ọyẹ́. Ẹ má fi rán ìró mọ́, ó wúwo jù fún ìjókòó inú ọkọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun

Bí àpótí bá ṣófo, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ogún. Ẹ wá ahunṣọ lọ sínú agboolé tó ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ má ra èyí tí wọ́n ti dì kalẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sọ fún un pé ẹ kò fẹ́ òwú tó ń dán, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣáìnì-ṣáìnì, pé àwọ̀ méjì péré ni ẹ fẹ́, pé kí ìlà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó lè yà á lẹ́nu, nítorí àwọn tó ń gbé ìyàwó kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un láàyè tó pọ̀, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí Ìléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó lọ, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí ó fi yín sí ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ó bá gbé e wá, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù ra igun rẹ̀ kan: ẹtù tuntun tí wọ́n fi èlú pa yóò yọ díẹ̀, ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n bí aṣọ funfun bá di aró pátápátá, ẹ sọ fún un kí ó lọ ṣàn án dáadáa kí ẹ tó san owó tó kù.

Fún aṣọ tí a ń rà ní Ọjà-Ọba tàbí Ọjà Tuntun, yálà gìnnì, àtíkù, léèsì tàbí aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì, gbogbo olùtajà ni yóò sọ pé òwú gidi ni tòun. Ẹ tọrọ fọ́nrán kan láti etí aṣọ náà, kí ẹ sì ṣáná sí i níta. Òwú gidi yóò jó bí ìwé, òórùn rẹ̀ yóò jẹ́ òórùn ìwé tó jó, eérú rẹ̀ yóò sì rí lẹ́búlẹ́bú. Irun àgùntàn àti sílíìkì yóò rùn bí irun orí tó jó. Pọlisítà yóò yọ́, yóò sì ká jọ di kókó líle tí ìka kò lè fọ́. N kò sọ pé pọlisítà kò wúlò; kì í tètè rún, ó sì dínwó. Ṣùgbọ́n nínú oòrùn Ìlọrin ní oṣù kẹta, ẹni tó wọ̀ ọ́ yóò máa làágùn ṣáá, kò sì sí bí ẹni tó ń fi ańkáṣíìfù nu ọrùn ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ṣe lè jọ ẹni tí ara tù.

Ní ti àwọ̀, ẹ mú funfun, aró, àwọ̀ ìyẹ̀pẹ̀ àti àwọ̀ eérú, kí ẹ fi ọkàn yín sí ibẹ̀ fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò sí èyí tí kò bá èkejì lọ nínú wọn, tí ẹni tó ní aṣọ mẹ́fà péré yóò fi máa rí ohun tuntun wọ̀ jáde láti inú wọn. Ẹ lè fi pupa rúsúrúsú bí ti obì kún un lẹ́yìn náà, láti ara bàtà àti bẹ́líìtì.

Aránṣọ

Aránṣọ ni ó ń ya ìmúra yìí sọ́tọ̀ ju gbogbo nǹkan lọ, mo sì gbà gidigidi pé bí owó bá kéré, ó sàn kí ẹ ra aṣọ tó dínwó díẹ̀ kí ẹ sì san owó aránṣọ tó mọṣẹ́, ju kí ẹ ra aṣọ olówó iyebíye kí ẹ gbé e fún ọmọṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ̀ọ̀mù. Ẹ wo èjìká lákọ̀ọ́kọ́: ojú-rírán èjìká bùbá ọkùnrin tàbí kàfùtáànì kò gbọdọ̀ já wá sí apá, kò sì gbọdọ̀ gòkè sí ọrùn. Ọwọ́ aṣọ yóò dé ọrùn ọwọ́, kò ní bo àtẹ́lẹwọ́. Ṣòkòtò yóò kan òkè bàtà díẹ̀, kò ní ká jọ síbẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n ẹni ló ni ín. Agbádá ni ó le jù, nítorí púpọ̀ nínú àwọn aránṣọ òde òní máa ń mú un gùn jù kí aṣọ lè pọ̀ kí owó sì pọ̀; ẹ ní kí ó dúró ní ìdajì ojúgun, kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò lè hàn.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn agbádá ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí òwú iṣẹ́ náà bá àwọ̀ aṣọ mu, tàbí kí ó fi díẹ̀ dúdú jù ú lọ: funfun lórí funfun, aró lórí aró. Bí ẹ bá lè rí ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe é, ẹ fún un. Ojú iṣẹ́ ọwọ́ kì í tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ti ẹ̀rọ, òwú rẹ̀ a sì máa dúró lẹ́yìn tí ti ẹ̀rọ bá ti ń tú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ yín, àmì oyè yín tàbí àwòrán ọ̀kadà sí i. Mo ti rí èyí tó ní àwòrán ọ̀kadà.

Ohun kan tún wà tí kì í hàn lójú: ẹ sọ fún aránṣọ pé kí ó fi aṣọ tó tó íǹṣì 1 sílẹ̀ sínú ojú-rírán ní ẹ̀gbẹ́ àti ní ẹ̀yìn ṣòkòtò. Àwọn aránṣọ kì í fẹ́ èyí, wọ́n á ní ó ń mú inú aṣọ nípọn. Ẹ dúró lórí rẹ̀. Ara a máa tóbi, ara a sì máa fọn, aṣọ tí a kò lè tú sílẹ̀ tàbí dín kù kò lè pẹ́ tó láti di ogún.

Fún aṣọ òyìnbó ibi iṣẹ́, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì àti aláwọ̀ ojú ọ̀run kan, ṣòkòtò kakí kan, òmíràn aláwọ̀ eérú, àti kóòtù aláwọ̀ aró kan tí wọn kò fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú ẹ̀yìn rẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀, ti tó fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìjọba tàbí ní ilé ìfowópamọ́. Orí igbá òkìrìká ni ibi tó dára jù láti rí kóòtù irun àgùntàn àti ṣẹ́ẹ̀tì òwú tó nípọn, bí ẹ bá ní sùúrù láti ka ìwé pélébé inú aṣọ kí ẹ sì wo abíyá àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ẹ yọ àmì ilé-iṣẹ́ tó bá wà lójú àyà rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ bá aránṣọ kí ó tó wọ ara yín.

Ọrùn, orí àti ẹsẹ̀

Láyé àtijọ́, Ìlọrin ni ilé ìlẹ̀kẹ̀ làǹtànà, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí àwọn oníṣòwò Hausa ń gbé òkúta rẹ̀ wá láti ìhà àríwá, tí àwọn tó sá wá láti Ọ̀yọ́ Ilé nígbà tí ìlú náà fọ́ sì ń gbẹ́, tí wọ́n ń lu, tí wọ́n sì ń dán. Iṣẹ́ náà ti kú tán kí ọ̀rúndún ogún tó dé àárín, nítorí pé ayédèrú láti òkè òkun dínwó jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ náà kò tíì tán nínú àwọn ilé. Obìnrin tí ìyá rẹ̀ bá fún ní ẹyọ ọ̀wọ́ kan kò nílò wúrà fún ayẹyẹ kankan. Ọ̀wọ́ kan péré ni kí ẹ sì wọ̀, méjì bí ẹ bá jẹ́ ìyá ìyàwó. Láti mọ ojúlówó, ẹ fi í kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: òkúta a máa tutù, a sì máa wúwo, rọ́bà kì í tutù. Ẹ tún wo inú ihò rẹ̀. Ìhà méjèèjì ni àwọn oníṣẹ́ ti máa ń lu òkúta títí ihò méjèèjì yóò fi pàdé ní àárín, nítorí náà kì í tọ́ gbọnrangandan bí ihò tí ẹ̀rọ lu. Ẹ yí okùn rẹ̀ padà kí ó tó já, kí ẹ sì di kókó sáàárín ẹyọ kan àti èkejì, kí ẹyọ kan má baà fa gbogbo wọn sílẹ̀ lójú agbo. Ẹni tó bá lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀síẹ́, tí wọ́n ṣí ní 1945, tó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, yóò rí i pé orí àti ọrùn àwọn ère òkúta ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù: irun dídì, ìbòrí, ìlẹ̀kẹ̀. Kí a fi ọ̀ṣọ́ mọ síbẹ̀ kì í ṣe àṣà tí a kó wá láti ibòmíràn.

Ọkùnrin Mùsùlùmí kì í wọ wúrà, èyí sì ti yanjú ọ̀rọ̀ aago ọwọ́: ẹ ra èyí tó pẹlẹbẹ, aláwọ̀ fàdákà, tó ní okùn awọ. Fìlà kan tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, tí àwọ̀ rẹ̀ kò ju méjì lọ, yóò bá gbogbo aṣọ yín mu. Láwàní jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Àwọn tí wọ́n wé e fún nítorí oyè tàbí nítorí ìmọ̀ ló ni ín, ẹ má ṣe wé e fún ẹwà nìkan, àwọn àgbà ìlú yóò bi yín ta ló wé e fún yín. Gèlè obìnrin kò gbọdọ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò ní rí ìyàwó; ẹ wé e pẹlẹ́ sí orí, kí ìborùn sì wà lójú èjìká. Bàtà méjì ti tó, dúdú kan àti aláwọ̀ obì kan, awọ gidi, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n rán, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, kí ṣúmékà lè pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá jẹ.

Ìtọ́jú

Bí ẹ bá fo gbogbo ohun tí mo ti kọ sílẹ̀, ẹ má fo èyí. Ẹ kò gbọdọ̀ fọ òfì nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ kò sì gbọdọ̀ da ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú lé e. Lẹ́yìn òde, ẹ fi í sórí okùn níbi tí atẹ́gùn wà, lábẹ́ òjìji, kí òógùn gbẹ kúrò lára rẹ̀; oòrùn tààrà a máa ṣá aró. Bí ó bá ní àbàwọ́n, ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ nu ojú ibẹ̀ nìkan. Ẹ tẹ́ aṣọ òwú funfun lé e lórí kí ẹ tó lọ̀ ọ́, kí áyọ́ọ̀nù má baà jẹ́ kí ojú rẹ̀ máa dán bí epo. Ẹ má fi òfì kọ́ sára háńgà fún ìgbà pípẹ́, nítorí ìwúwo rẹ̀ yóò fa èjìká rẹ̀ wálẹ̀; ẹ ká a, kí ẹ sì yí ojú kíká rẹ̀ padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí àpótí, kí òwú má baà já sójú kan. Ẹ so káńfọ̀ sínú aṣọ kékeré kí ó má kan aṣọ fúnra rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ẹ kó gbogbo inú àpótí jáde fún ọjọ́ kan, ẹ gbọ̀n wọ́n, kí ẹ sì wo igun àti ìsàlẹ̀ àpótí bóyá ikán ti ń bọ̀.

Bàtà náà ń fẹ́ ìsinmi. Ẹ má wọ ẹyọ kan lọ́jọ́ méjì léraléra. Ẹ fi ìwé ìròyìn sínú rẹ̀ kí ó fa òógùn, ẹ pa á ní ọ̀rá bàtà lópin ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì nu erùpẹ̀ pupa Ìlọrin kúrò lára rẹ̀ lálaalẹ́ kí ó tó wọ inú awọ.

Aṣọ ẹbí àti ọjọ́ ọdún

Aṣọ ẹbí ni ó máa ń dán ẹni tó yan ìmúra yìí wò jù, nítorí ẹbí lè mú léèsì aláwọ̀ òféfèé tí òkúta kún ara rẹ̀, ẹni tó bá sì kọ̀ ọ́ ti kọ ẹbí nìyẹn. Ẹ rà á. Púpọ̀ nínú àwọn olóde máa ń ta fìlà tàbí gèlè nìkan fún ẹni tó bá béèrè. Ẹ mú ìyẹn, kí ẹ fi í lé orí funfun tàbí ẹtù, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ pé ẹ kò bá wọn ṣe. Bí odindi aṣọ bá di dandan, ẹ rán an ní bùbá àti ìró lásán tàbí kàfùtáànì, láìfi òkúta kún un, kí ẹ lè tún un wọ̀ lọ sí ibòmíràn, nítorí títún aṣọ wọ̀ ní gbangba wà lára ìmúra náà. Ẹni tó bá ní "Ṣebí èyí lẹ wọ̀ ní ìgbéyàwó ọmọ Alhaja?" ni kí ẹ dá lóhùn pé òun náà ni.

Níbi àwọn eré ẹṣin ọjọ́ Ìléyá ní iwájú ààfin, àwọn ọmọ ọba, àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn ẹṣin fúnra wọn ló yẹ kó dán; ìlú tó sọ pé ẹṣin ni eégún ilé òun kò nílò kí òǹwòran tún dán jù ẹṣin lọ. Gìnnì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, fìlà kan, bàtà tó mọ́, yóò gba yín dé ibikíbi tí àyè bá ṣí sílẹ̀ níbẹ̀.

Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, èyí ni bí mo ṣe rò pé kí ó tò ó. Kó kọ́kọ́ gbé aṣọ tó ti ní nílé lọ bá aránṣọ kí wọ́n dín in tàbí kí wọ́n tú u sí ara rẹ̀, nítorí èyí kò ju owó iṣẹ́ lọ, ó sì máa ń yí ìrísí ènìyàn padà ju aṣọ tuntun. Lẹ́yìn rẹ̀, kó ra bàtà awọ kan. Lẹ́yìn bàtà, gìnnì funfun kan àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan. Ẹtù lè dúró di ọdún tó ń bọ̀, kó máa san owó rẹ̀ fún ahunṣọ díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe. Aago ọwọ́ ló kẹ́yìn, ẹni tí kò bá sì rà á lè máa wo aago fóònù rẹ̀.